Bí Ẹsẹ̀ Bá Ń Rọ Lẹ́yìn Ibà Zika: Ohun Tí Ará Ilé Máa Yẹ̀ Wò

Ibà Zika, tí ẹ̀fọn ń kó ranni, kì í sábà le. Ara á gbóná díẹ̀, ojú á pọ́n, ara á sú, oríkèé á máa ro èèyàn. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, aláìsàn ti dìde. Ẹ ṣì máa ṣọ́ ọ o. Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni Guillain-Barré lè yọjú: àwọn ọmọ ogun ara tó bá fáírọ́ọ̀sì jà á ṣìnà, wọ́n á kọjú ìjà sí iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sápá àti ẹsẹ̀. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó mú èèyàn 42 ní French Polynesia, àwọn erékùṣù kan ní òkun Pàsífíìkì, lọ́dún 2013 sí 2014, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní Brazil lọ́dún 2015, títí dé Salvador ní Bahia.

Ẹ má pè é ní rọpárọsẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa fi òróró ra á. Rọpárọsẹ̀ sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan lójijì. Ẹsẹ̀ méjèèjì lèyí máa ń mú, á sì máa gun òkè: àtẹ́lẹsẹ̀ á máa ṣe bíi pé èèrà ń rìn ín, orúnkún á rọ, ó di itan, ó di ọwọ́, ó di ojú.

Ẹ ní kó dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, kó fi gìgísẹ̀ rìn, kó di ojú rẹ̀ pinpin. Èyí tí kò bá lè ṣe nínú wọn, ọsibítù lọ́jọ́ náà, kódà bí kò bá sí ibà mọ́.

Èémí ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Kó mí sínú dáadáa, kó wá kà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà láìtún mí: ení, èjì, ẹ̀ta, dé ẹ̀wá, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ení, torí "oókànlá" gùn ju "ení" lọ, á sì jẹ èémí. Bí àpapọ̀ rẹ̀ kò bá dé ogún, ewu ti dé. Ẹ kọ iye tó kà àti aago sórí bébà, kẹ́ ẹ fi han nọ́ọ̀sì. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀ láti 25 sí 18 sí 12 ń sọ̀rọ̀ ju ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ yẹn lè ṣì máa sọ 97 nígbà tí iṣan àyà ti ń rẹ̀, torí pẹ́ ló ń pẹ́ kó tó já wálẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà á gbá orúnkún, ẹsẹ̀ kò ní ta. Àyẹ̀wò omi ọ̀pá ẹ̀yìn lè má fi nǹkan kan hàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyẹn ò ní kó má jẹ́ Guillain-Barré. Immunoglobulin, èròjà ọmọ ogun ara tí wọ́n yọ látinú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíì, ni wọ́n ń fà sí i lára, gíráàmù 0.4 fún kílò kan lójúmọ́, ọjọ́ 5: ẹni 60 kílò á gba gíráàmù 24 lójúmọ́. Tàbí kí wọ́n fọ omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọn kì í fọ̀ ọ́ lẹ́yìn immunoglobulin, torí á fọ oògùn náà dànù. Steroid, oògùn tó ń mú kí ara wíwú rọlẹ̀, nìkan kì í ràn án lọ́wọ́.

Parasítámọ́ọ̀lù nìkan ni kẹ́ ẹ lò fún ibà tàbí ara ríro. Aspirin àti ibuprofen kò gbọ́dọ̀ wọlé títí wọ́n á fi mọ̀ pé kì í ṣe dengue, ibà míì tí ẹ̀fọn ń kó ranni, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa máa dà. Bó bá ń húkọ́ nígbà tó ń gbé omi mì, ẹ dá oúnjẹ dúró títí dókítà á fi yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò. Ẹ yí i padà ní wákàtí méjì-méjì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa dégbò. Bí ìpéǹpéjú kò bá pa dé, oògùn ojú lójú ọ̀sán, kẹ́ ẹ sì fi tépù lẹ̀ ẹ́ pa lóru.