Ọ̀pá Ìbọn Onílẹ́fà: Gígùn Wo Ló Yẹ Oko Yín?

Ẹni tó bá ra ilẹ̀ oko ní Texas, kì í pẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó wá kí i káàbọ̀. Ní Ohio, coyote, irú ajá igbó kan, lè kọ́kọ́ bẹ adìyẹ rẹ̀ wò. Láti ayé Winchester 1873 ni ìbọn onílẹ́fà ti wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà: ẹ ti lẹ́fà, ìyẹn irin abẹ́ rẹ̀, síwájú, ẹ fà á padà, ọta mìíràn ti wọlé. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó rí ọ̀pá oníṣì 16, 18, 20, 22 àti 24. Ibi tí ẹ ó ti máa lo ìbọn náà ni kí ẹ fi yàn án, kì í ṣe eré ọta.

Ọ̀rọ̀ eré ọta

Ẹ̀tù tó ń jó ló ń ti ọta lọ. Bí ọ̀pá bá gùn, ẹ̀tù á ráyè tì í pẹ́ sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò tó ariwo tí wọ́n ń pa lé e lórí. Fún .30-30 (orúkọ irú ọta kan, bíi .357 Magnum àti .22 tó ń bọ̀ nísàlẹ̀), íǹṣì kan tó bá dín sábà máa ń mú nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 30 kúrò nínú eré ọta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ eré náà lé ní 2,000. Àgbọ̀nrín tó wà ní yáàdì 100 kò ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀tù .357 Magnum ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀ ní íǹṣì 18. Ní ti .22, 16 ti tó; bí ọ̀pá bá gùn jù, ọta á kàn máa ha ara mọ́ irin ni.

Kí ẹ tó yan kátírììjì (ọta pẹ̀lú ẹ̀tù àti agolo rẹ̀), ẹ ka òfin ìpínlẹ̀ yín. Ohio kì í gba .30-30 fún ọdẹ àgbọ̀nrín, nítorí agolo kátírììjì náà ní ọrùn, ó fún lókè bí ìgò; .357, .44 Magnum àti .45-70 ni wọ́n ń gbà.

Ohun tí gígùn ń yí padà

Abẹ́ ọ̀pá ni túùbù tí ọta ń sùn sí wà. Rossi 92, ìbọn onílẹ́fà kan, tó bá jẹ́ oníṣì 16 ń gba ọta .357 mẹ́jọ, oníṣì 20 ń gba mẹ́wàá. Ẹ má ki ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó líle sínú túùbù yìí láé: ẹnu rẹ̀ á dúró sídìí èyí tó wà níwájú, ìjì ìbọn sì lè mú un bú nínú túùbù.

Ọ̀pá kúkúrú ń han etí ju gígùn lọ, àmọ́ kò sí èyí tí ẹ lè yìn láìdí etí. Àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń rẹ̀, tí kò sì fẹ́ fi awò (gíláàsì ìfojúsùn) sórí ìbọn, 24 lè tù ú lára, torí irin ìfojúsùn iwájú á jìnnà sí ojú, á sì hàn ketekete. Bí awò bá ti wà níbẹ̀, ìyẹn ò sí mọ́.

Ẹ fi igi dán an wò

Ẹ gé igi kan sí íǹṣì 38, gígùn odindi ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 20. Ẹ gbé e wọ ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ jókòó sídìí sítíárì, ẹ tún gbé e jáde. Ẹ gbé e gba ẹnu ọ̀nà ilé adìyẹ. Ẹ yí i lọ́tùn-ún lósì lórí àga ọdẹ. Bí ó bá ń kọ́ nǹkan, ẹ gé íǹṣì 4 kúrò, ẹ tún un ṣe: ti 16 nìyẹn. Lójú tiwa, 20 ló bá ọ̀pọ̀ oko tó ń lo .30-30 mu.

Òfin

Láti 1934 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ń ṣọ́ ìbọn kúkúrú. Lónìí, bí ọ̀pá bá dín ní íǹṣì 16, tàbí odindi ìbọn dín ní 26, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó wà lórí físà ìgbà díẹ̀, kó bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan ìbọn rárá.

Bí a ṣe ń wọn ọ̀pá nìyí: ẹ yọ gbogbo ọta, ẹ yẹ inú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pa lẹ́fà dé. Ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ẹnu ìbọn títí yóò fi kan irin tó dí ẹ̀yìn ọ̀pá, ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tí ẹnu ìbọn mọ, ẹ fà á jáde, ẹ wọn ọ́n. Bí ẹ bá gbé ìbọn lọ fún oníṣẹ́ pé kó gé ọ̀pá kù, ẹ ní kó má lọ sísàlẹ̀ ju íǹṣì 16 àtààbọ̀ lọ.