Bí a ṣe lè mọ orúkọ ẹ̀yà kàtídírà àtijọ́ láti inú ilé tí a ń wọ̀ n'Ìbàdàn

Ẹni tó bá ń kọ́ nípa àwọn kàtídírà tí wọ́n kọ́ nílẹ̀ Yúróòpù láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500 sábà máa ń há orúkọ sórí, lọ́jọ́ kejì yóò sì ti gbàgbé ìdajì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí ẹ tó béèrè orúkọ rẹ̀.

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan n'Ìbàdàn tó ní òpó nínú, kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ kọjú sí pẹpẹ. Àárín gbùngbùn tí ìjọ ń jókòó sí ni nave. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó wà lẹ́yìn òpó lọ́tùn-ún lósì ni aisle. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí pé ọ̀nà àárín tí ìyàwó ń gbà lọ síwájú pẹpẹ ni àwa aríyá ń pè ní aisle, bẹ́ẹ̀ inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí apá ẹyẹ ni orúkọ náà ti wá, apá kì í sì í hù láàárín àyà ẹyẹ. Apse ni ìparí ilé lọ́hùn-ún, tó tẹ̀ roboto lẹ́yìn pẹpẹ. Ẹni tó ń kírun kò ní jìnnà sí i: kọ̀rọ̀ tí lèmọ́mù ń dúró sí, tó yọ sẹ́yìn lára ògiri mọ́ṣáláṣí, fara jọ ọ́, àfi pé apse tóbi jù ú lọ dáadáa.

Ní ti arch (òkúta tí wọ́n tò tẹ̀ kọjá lókè àlàfo àárín òpó méjì) àti buttress (òkúta tí wọ́n fi ti ògiri lẹ́yìn), ẹ mú ìwé méjì tí èèpo wọn le, kí ẹ fi orí wọn ti ara wọn lórí tábìlì tó ń dán. Ẹsẹ̀ wọn yóò yọ̀, wọn yóò sì wó. Ẹ gbé òkúta ti ìdí ìwé kọ̀ọ̀kan, wọn yóò dúró. Ìwé dúró fún arch, òkúta sì dúró fún buttress, torí pé arch kì í tẹ ilẹ̀ nìkan, ó tún máa ń ti ògiri síta. Èyí tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó kì í tì í tó èyí tó tẹ̀ bí òṣùmàrè. Vault ni àjà olókùúta tí wọ́n fi irú arch bẹ́ẹ̀ gbé ró. Bí ògiri bá ga kọjá òrùlé aisle, wọ́n á na arch kan lókè òrùlé náà bí ẹni nawọ́ di ẹni tó fẹ́ ṣubú mú: flying buttress nìyẹn. Síbẹ̀, ní Beauvais nílẹ̀ Faransé, vault tó ga tó nǹkan bíi mítà 48 wó lulẹ̀ ní 1284. Ẹ má ṣe pe àwọn òpó ràbàtà iwájú Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ní buttress o. Ẹrù orí wọn ni wọ́n rù, wọn kò ti ògiri kankan.

Gargoyle rọrùn fún ẹni tó ti rí bí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ ṣe ń jẹ ìdí ògiri alámọ̀. Ère ẹranko abàmì ni, tí omi òjò ń gba ẹnu rẹ̀ jáde jìnnà sí ògiri. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa: bí kò bá sí ihò tí omi ń gbà jáde níbẹ̀, gargoyle kọ́.