Bí a ṣe ń sẹ́ẹ̀tì uBITX tí a fọwọ́ ara wa tò

uBITX, rédíò tá a fi ń gbọ́ tá a sì fi ń sọ̀rọ̀, tí Ashhar Farhan ará Íńdíà ṣètò rẹ̀, ló wà lórí tábìlì mi n'Íbàdàn, òun ni n ó fi ṣàpẹẹrẹ. Ẹni tó bá so wáyà tán, tí sípíkà rẹ̀ sì ń hó, á fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní sùúrù. Gbígbọ́ la kọ́kọ́ ń sẹ́ẹ̀tì, nítorí crystal kan náà (òkúta kékeré tó ń gbọ̀n láti pèsè frequency) ló ń darí gbígbọ́ àti sísọ.

Ẹ yọ wáyà pupa tó ń gbé iná lọ sí IRF510 méjèèjì, ìyẹn àwọn transistor tó ń fún ohùn wa lágbára bá a bá ń sọ̀rọ̀, kó wà nílẹ̀ títí n ó fi ní kẹ́ ẹ dá a padà. Bátìrì 12V ni kẹ́ ẹ lò; ṣájà àti inverter máa ń da ariwo sínú rédíò. Ẹ tàn án sílẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, nítorí bí crystal 25 MHz ẹ̀gbẹ́ Si5351 (chip tó ń pèsè frequency rédíò) bá ṣe ń móoru ni frequency ń sún.

Ó yá, ẹ wá WWV, tó ń kéde àkókò láti Fort Collins ní Colorado, lórí 10 MHz tàbí 15 MHz. Ó máa ń dùn ún gbọ́ jù nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí àwọn aládùúgbò ò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀. (Mi ò kì í bínú sí àwọn oníná lásìkò yẹn.) Ẹ ó gbọ́ súfèé. Ẹ rọra máa yí bọ́tìnì kí súfèé náà máa rẹlẹ̀, títí etí ò fi ní gbọ́ ọ mọ́. Ká ní 10.000.150 lojú rédíò kà níbẹ̀, ó ti fi 150 Hz ṣìnà. Lórí 14 MHz yóò di 210, lórí 28 MHz yóò di 420. Ẹ dá ojú rédíò padà sí 10.000.000 gééré, ẹ wọ calibration nínú menu, ẹ yí i títí súfèé yóò fi pòórá níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

BFO ló kàn, ìyẹn ìró tí rédíò fúnra rẹ̀ ń dá láti sọ ohun tó gbà di ohùn; ibẹ̀ ni mo sì máa ń pẹ́ sí jù. Asẹ́ crystal inú rédíò yìí kò fẹ̀ ju bíi 2.5 kHz lọ. BFO ló ń sọ ibi tí ohùn èèyàn yóò gbà kọjá nínú rẹ̀. Ẹ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀ lórí 7 MHz, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí híhó rẹ̀. Bó bá ń dún bòbò bí ìlù tí awọ rẹ̀ tutù, BFO ti wọnú asẹ́ náà jù, ẹ̀gbẹ́ ohùn kejì tá ò fẹ́ yóò máa yọjú. Bó bá ń hó ṣínṣín, ó ti jìnnà jù, ohùn ò sì ní nísàlẹ̀ mọ́. Àárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ yí BFO sí. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ mọ ohùn rẹ̀ dáadáa lójúkojú, ẹ gbọ́ ọ lórí LSB (ẹ̀gbẹ́ ohùn ti ìsàlẹ̀). Mítà kankan ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín.

Ó ku IRF510. Ẹ fi dummy load (ohun tó ń gba agbára rédíò dípò áńtẹ́nà) sí ẹnu ibi tí à ń so áńtẹ́nà mọ́: resistor 1 kilo-ohm, oní wáàtì 2, tí a so 20 rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò fún yín ní 50 ohm, yóò sì gba wáàtì 40. Wáyà pupa ò tíì padà o. Ẹ tẹ PTT (bọ́tìnì tá a máa ń tẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀), ẹ fi mítà wọn gate, ẹsẹ̀ tó ń darí IRF510 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ yí RV2 àti RV3 (ohun yíyí kékeré tó ń sẹ́ẹ̀tì fóòtì gate wọn) títí fóòtì ibẹ̀ yóò fi lọ sílẹ̀ pátápátá. Ẹ yẹ irin ẹ̀yìn transistor náà wò: drain, ibi tí iná wáyà pupa ń gbà wọlé, ni, kò gbọdọ̀ fara kan páànù rédíò.

Wàyí o, ẹ gba inú mítà dá wáyà pupa padà, kó máa ka ampere. Ẹ tẹ PTT, ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ rọra yí RV2 títí yóò fi fi 100 mA kún un, kẹ́ ẹ yí RV3 náà kó fi 100 mA míì kún un. Ó tó.

Ẹni tí ò bá tíì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NCC, kó fi dummy load sílẹ̀ níbẹ̀. Láti mọ wáàtì, ẹ wọn fóòtì peak (ibi tó ga jù) orí rẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ (30 lọ́nà 30 jẹ́ 900), kẹ́ ẹ pín in sí 100: fóòtì 30 jẹ́ wáàtì 9. Lórí 28 MHz, agbára yẹn yóò jábọ́ gan-an. Bí IRF510 ṣe rí nìyẹn. Ẹ má tìtorí ẹ̀ fi kún bias, ìyẹn 100 mA tá a sẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan.