Bí Ubuntu 64-bit ṣe padà ṣiṣẹ́ nínú VirtualBox mi

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá a fà á. Mo fẹ́ máa lo Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) nínú VirtualBox (ètò tó ń jẹ́ kéèyàn ṣí kọ̀ǹpútà míì nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀) lórí Windows 10, àmọ́ 32-bit nìkan ló ń jáde fún mi láti yàn. Kò sí 64-bit tí Ubuntu mi nílò rárá.

Mo yọ VirtualBox kúrò, mo tún un fi sí i: pàbó. Mo tún gba fáìlì ISO (fáìlì tí a fi ń gbé Ubuntu sórí ẹ̀rọ) sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, dátà lásán ni mo fi ṣòfò.

Ìgbà tí mo ṣí Task Manager, tí mo tẹ Performance, tí mo tẹ CPU, ni mo tó rí «Virtualization: Disabled» nísàlẹ̀, ìyẹn ni pé agbára CPU tí VirtualBox nílò wà ní pípa. Àṣé inú BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ téèyàn bá tan kọ̀ǹpútà) lọ̀rọ̀ wà! Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án, mo sì ń tẹ F10 léraléra kí Windows tó wọlé (tẹlòmíì lè jẹ́ F2 tàbí Delete). Mo rí Intel Virtualization Technology, mo yí i sí Enabled, mo tẹ Save, mo jáde. Tó bá jẹ́ CPU AMD ni tìẹ, tí kì í ṣe Intel, SVM Mode ni kó o wá.

Bí mo ṣe ṣí VirtualBox padà, 64-bit ti wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Enabled ló ti wà lọ́dọ̀ tìẹ tẹ́lẹ̀, ìṣòro tìẹ yàtọ̀ sí tèmi. Lọ yẹ Hyper-V wò (ètò inú Windows tó lè gba virtualization mọ́ VirtualBox lọ́wọ́).