Ohun tí káàdì ọkọ̀ London ná mi ní Abuja

Káàdì Oyster tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ní London, £7 ni wọ́n ń tà á nígbà tí èmi àti ọmọ mi lọ ní 2024. Ó ju 13,000 náírà lọ nígbà náà. Kì í ṣe owó yẹn ló ń dùn mí. Èyí tó ń dùn mí ni owó tí mo kó fún báǹkì kan níbí ní Abuja, torí wọ́n fi dá mi lójú pé tí mo bá ti gba káàdì dọ́là wọn, n kò ní nílò káàdì ọkọ̀ kankan. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ fara dà á fún mi.

Àbúrò mi tó ń gbé Peckham ní London ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Káàdì báǹkì yín, ẹ kàn fi kan ẹ̀rọ, géètì á ṣí." Kò parọ́. Láti ìparí 2012 ni bọ́ọ̀sì London ti ń gba káàdì báǹkì, ti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Ohun tí àbúrò mi gbàgbé ni pé káàdì náírà ni tiwa. Nígbà tí dọ́là wọ́n gógó ní 2022, ọ̀pọ̀ báǹkì ti káàdì náírà pa fún ìnáwó òkè òkun, àárín 2025 ni àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣí i. Lọ́dún tí èmi lọ, tí ẹ bá fi káàdì náírà kan géètì London títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní dá yín lóhùn.

Mo bá gba báǹkì lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí tábìlì kí mi dáadáa, Mọ́mì ló ń pè mí. Ó ní àkáǹtì dọ́là kì í pẹ́ rárá. Fọ́tò, NIN, BVN, ìwé ìrìnnà, gbogbo rẹ̀ wà nínú báàgì mi. Ó wá ku ìwé iná àti ẹlẹ́rìí méjì.

Ìwé iná wo? Lugbe ni mò ń gbé, mítà tí èèyàn ń rà iná sí kó tó lò ó ni gbogbo àdúgbò wa ní. Tí a bá sanwó, nọ́ńbà gígùn kan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, kò sẹ́ni tó ń gbé ìwé kankan wá sẹ́nu ọ̀nà. Mo fi nọ́ńbà náà hàn wọ́n, wọ́n ní kò sí àdírẹ́sì lára rẹ̀. Mo mú rìsíìtì owó ilé wá, wọ́n ní ó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Ta ló ń san owó ilé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ní Abuja? Owó ọdún kan gbáko ni onílé mi ń gbà lẹ́ẹ̀kan, ọpẹ́ ni pé kò béèrè ọdún méjì. Níkẹyìn, ọ́fíìsì iná ni mo lọ jókòó sí títí wọ́n fi tẹ ìwé kan jáde fún mi tí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Mo rò pé ìyẹn ló le jù. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kò tíì dé.

Ẹni tó bá máa ṣe ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì, ti sefínsì kò wúlò. Nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀, ta ló tún ń lo kọ́rẹ́ǹtì? Díákónẹ́ẹ̀sì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń ta aṣọ ní ọ̀kan, tiwọn sì lọ geere. Ẹnì kejì ni Bàbá Alhaji tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ará Ìlọrin, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù láìjanpata. Fọ́ọ̀mù lọ, fọ́ọ̀mù bọ̀: báǹkì tiwọn ní ìbuwọ́lùwé yẹn kò bá èyí tó wà nínú fáìlì mu. Báwo ló ṣe máa bá a mu? Ìgbà tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣí àkáǹtì náà, ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n báyìí.

Ẹ gbà mí, ẹnu wo ni èèyàn fẹ́ fi sọ fún àgbàlagbà pé kí wọ́n lọ tún ọwọ́ wọn kọ́? Alhaja ló yọ mí. Wọ́n tú àpótí títí wọ́n fi rí ìwé sọ̀wédowó àtijọ́ kan tí ìbuwọ́lùwé bàbá ti ìgbà yẹn wà lórí rẹ̀. Bàbá gbé gíláàsì wọ̀, wọ́n tẹ́ kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń dánra wò. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n mi orí. Wọ́n tún un kọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbójú sókè, wọ́n wò mí. "Ìyàwó wa, ṣé kí o kàn lè wọ ọkọ̀ ní London ni gbogbo èyí?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Wọ́n gba fọ́ọ̀mù náà lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ má bi mí iye tó ná mi. Owó tí wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi sínú àkáǹtì, dọ́là ni. Owó káàdì, dọ́là ni. Owó ìtọ́jú káàdì tún wà, dọ́là náà ni. Kí káàdì tó dé ọwọ́ mi, ohun tí mo san lé ní owó Oyster márùn-ún. Mo bi ọmọbìnrin náà lójúkojú pé ṣé mo lè fi kan ẹ̀rọ ní London. Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ káríayé, Mọ́mì." Ó tún rán mi létí pé ní February 2024, báǹkì àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí wọ́n má san owó ìrìn-àjò PTA ní kéèṣì mọ́, pé orí káàdì ni gbogbo nǹkan ń lọ. Oṣù yẹn kan náà ni EFCC kó àwọn mọ́là tó ń ṣẹ́ owó ní Zone 4 ní Wuse, ara ọjà kò sì tíì balẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí mi létí.

Díákónẹ́ẹ̀sì wa ni kò gbà. Wọ́n ní kí n mú owó pọ́n-ùn díẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì ta èyí tó ṣẹ́kù nínú ìrìn-àjò tiwọn fún mi. Tí ẹ̀yin náà bá máa gba irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. £20 àti £50 oníbébà ti kúrò nílẹ̀ láti ìparí September 2022, èyí tó ń dán bí ọ̀rá nìkan ni wọ́n ń ná. Oníbébà ṣì pọ̀ nínú àpótí àwọn èèyàn ní Abuja.

Físà àti bàálù, ẹ ti mọ ìyẹn. A dé Heathrow, pápákọ̀ òfuurufú London. Mo fi káàdì dọ́là kan géètì ọkọ̀ ojú irin, iná pupa. Mo bọ́ sí géètì kejì, iná pupa. Àwọn èrò ti ń tò sẹ́yìn wa, ọmọ mi ọdún 12 sì ń wò mí bíi pé n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kan wá, ó gba káàdì náà, ó wò ó, ó ní báǹkì wa ni kò ṣí fífi-kàn fún un, pé kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Mo fi Wi-Fi pápákọ̀ kọ̀wé sí báǹkì lórí WhatsApp. Ẹ gbọ́ èsì: kí n yọjú sí ẹ̀ka tí mo ti ṣí àkáǹtì. Láti Heathrow!

Ẹ̀rọ tó ń ta Oyster wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀, ó sì ń gba owó bébà. Mo ki owó díákónẹ́ẹ̀sì bọ̀ ọ́, mo ra méjì, mo fi owó ọkọ̀ sí i, ó tán. Gbogbo rẹ̀ kò tó àsìkò tí mo fi dúró de ẹni tó máa lu òǹtẹ̀ ní ọ́fíìsì iná. Àwọn tó lọ láyé àtijọ́ á sọ fún yín pé £5 ni, pé wọ́n á dá a padà fún yín. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ láti September 2022: owó káàdì kì í padà. Láti September 2025, £10 ni.

Ibi tí mo ti wá gbé orí sókè nìyí. Mo ti kà á kí n tó kúrò nílé pé ọmọ àlejò tó wà láàárín ọdún 11 sí 15 lè máa san ìdajì owó, títí di ọjọ́ 14, tí òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ bá ti gbé ẹ̀dínwó náà sórí Oyster rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Young Visitor. Ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, káàdì báǹkì kò sì ní irú àǹfààní yẹn. Mo béèrè, òṣìṣẹ́ kan náà ṣe é fún wa lójú ẹsẹ̀. Àbúrò mi tó ti pẹ́ níbẹ̀ kò gbọ́ ọ rí. Ọmọ tí kò tíì pé 11, tí àgbà bá mú un dání, ọ̀fẹ́ ló ń wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀.

Àbúrò mi ní kí a wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Elizabeth line torí ó yá. £12.80 ni dé àárín ìlú nígbà náà. Heathrow Express, ọkọ̀ ojú irin mìíràn, £25. Mo ní rárá o. Piccadilly line, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ni a wọ̀, £5.60, a sọ̀ ní Hyde Park Corner, a bọ́ sínú bọ́ọ̀sì 36 tó gbé wa dé Peckham, £1.75. Ó pẹ́ díẹ̀, àpótí sì ń yọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń já ọkọ̀ gbà ní Berger nírọ̀lẹ́, kí ló fẹ́ bẹ̀rù nínú bọ́ọ̀sì 36?

Bọ́ọ̀sì wọn kì í gba owó ọwọ́ láti 2014, ẹ má wulẹ̀ na owó sí dírẹ́bà. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó fi káàdì kàn án, nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Bọ́ọ̀sì mìíràn tí ẹ bá wọ̀ láàárín wákàtí kan, ọ̀fẹ́ ni, tó bá ṣe káàdì kan náà lẹ fi kàn. Ti ọkọ̀ ojú irin yàtọ̀: ẹ fi kàn nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ tún fi kàn nígbà tí ẹ bá ń jáde, kódà níbi tí kò sí géètì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó tó ga jù lọ ni wọ́n máa yọ.

Nígbà tí mo padà dé Abuja, mo gba báǹkì lọ tààrà. Wọ́n ní fọ́ọ̀mù kan wà tí èèyàn máa ń kọ kí wọ́n tó ṣí fífi-kàn. Fọ́ọ̀mù míràn! Ẹni tó gba owó káàdì lọ́wọ́ mi kò dárúkọ rẹ̀ rí. Mo béèrè ọmọbìnrin náà, wọ́n ní ó ti lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Owó ìtọ́jú káàdì kò lọ síbì kankan ní tiẹ̀, wọ́n ṣì ń yọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ gba irú káàdì bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ímeèlì kí ẹ tó sanwó pé fífi-kàn ti ṣí fún òkè òkun. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ báǹkì kò ṣí géètì.

Tó bá jẹ́ èmi báyìí, Oyster ẹni tó ti lọ rí ni màá yá. Owó orí rẹ̀ kì í kú, káàdì tí wọn kò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, bí kò bá ti jẹ́ èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ ibùdókọ̀ lè dá owó tó ṣẹ́kù padà tí kò bá ju £10 lọ, ṣùgbọ́n káàdì náà á kú, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà á. Ti èmi ti lọ sí London lẹ́yìn ìgbà yẹn lọ́wọ́ ẹlòmíì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ti ọmọ mi náà wà ńlẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, àmọ́ ẹ̀dínwó ọmọdé ti kúrò lórí rẹ̀, ẹni tó bá mú ọmọ dání á tún béèrè rẹ̀ ní ibùdókọ̀.