Bí mo ṣe kọ prógíráàmù tó ń ka ọjọ́ ọjà Adjarra

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta àǹkárá níbí l'Ájàṣẹ́ ní Benin, ọjà Adjarra ló sì ń mówó wọlé fún un jù. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná an, ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ méje, nítorí náà ọjà kì í dúró lójú kan: bó bá bọ́ sí Sátidé, Ọjọ́rú ló tún kàn. Bí wọ́n bá ti mú ìwé ìpè ìgbéyàwó wá, ẹ̀gbọ́n mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á, á pè mí: "Àbúrò, ṣé kì í ṣe ọjọ́ ọjà ni wọ́n tún fi í sí yìí?" Mo bá pinnu pé n ó fi Python, èdè kan tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ prógíráàmù tí yóò máa bá a kà á.

Ìwé àti bírò ni mo kọ́kọ́ mú. Àwọn àgbà ń pe irú ọjà yìí ní ọrọọrún torí wọ́n ń ka òní mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín: 4 la ó fi pín. Mo fi ọjọ́ ọjà kan tó dá mi lójú ṣe ìpìlẹ̀, mo sì kọ:

(ojo - ipile).days % 4

Ìlà kan yìí ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́: ó ń ka iye ọjọ́ láti ìpìlẹ̀, àmì % sì ń mú ohun tó ṣẹ́ kù wá bí a bá fi 4 pín in. Bó bá mú 0 wá, ọjọ́ ọjà ni. Bó bá ṣẹ́ ku 1, àná ni wọ́n ná an, ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Mo fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó gbà á gbọ́. Ká ní ọjà bọ́ sí ọjọ́ kìíní ọdún. Ọjọ́ 212 ló wà láti ibẹ̀ dé ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, ọjọ́ òmìnira wa; 4 lọ́nà 53 ni, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan, ọjà á bọ́ sí ọjọ́ òmìnira gan-an. Ṣùgbọ́n bí oṣù kejì bá ní ọjọ́ 29, ó di 213, ọjà á ti kọjá lọ́jọ́ kan. Prógíráàmù náà sọ ohun kan náà.

Ti ìgbéyàwó kò le. Kò sí nọ́ńbà tó pín 4 àti 7 dọ́gba àyàfi 1, nítorí náà ọjọ́ 28 síra ni ọjà máa ń bọ́ sí Sátidé. Àwọn Sátidé yẹn nìkan ni mo tẹ̀ jáde fún un.

Ọjọ́ àtẹ̀yìnwá ló gba làákàyè. Bàbá kan ládùúgbò ní ọjọ́ ọjà ni wọ́n bí òun, wọ́n fẹ́ kí n wò ó. Bí ọjọ́ bá ṣáájú ìpìlẹ̀, òǹkà á lọ sábẹ́ òdo. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú jẹ́ -3: Python á ní ó ṣẹ́ ku 1, bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣe ń kà á, ṣùgbọ́n JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn tí mo lò fún ti orí fóònù, á ní -3. Èyí ni mo fi tún un ṣe (n ni iye ọjọ́ láti ìpìlẹ̀):

((n % 4) + 4) % 4

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù: n & 3. Èjì lọ́nà èjì ni 4. Òǹkà èjì-èjì, tó jẹ́ 0 àti 1 nìkan, ni kọ̀ǹpútà sì ń lò, nítorí náà àmì méjì tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà, tí & 3 ń mú jáde, ni àṣẹ́kù rẹ̀, ì báà wà lábẹ́ òdo. Ẹ wo ètò àwọn baba wa: ọrún jẹ́ ọjọ́ 4, ìsán jẹ́ 8, ìtàdógún jẹ́ 16. Ìlọ́po méjì ni gbogbo wọn! Nígbà tí ẹgbẹ́ alájọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń dájọ ní ìtàdógún, ní kí n ṣe tiwọn, mo yí 3 sí 15, mo sì fún un ní ìpìlẹ̀ tuntun.