Bí a ṣe ń dán ilẹ̀kùn ilé ìtọ́jú aláìsàn ọpọlọ wò

Ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn ọpọlọ gbọ́dọ̀ lè fara da èjìká ẹni tó ń gbá a léraléra, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ dá nọ́ọ̀sì dúró lójú ọ̀nà. Ẹ má dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ara ògiri tí yóò wà ni kí ẹ ti dán an wò, nítorí pé ohun tí mo sábà máa ń rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni pé pákó ọ̀gánwó á dúró digbí, ṣùgbọ́n férémù á ti ya kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìmẹ́ńtì mọ férémù náà, ẹ fún un ní ọjọ́ 28.

Ẹ rọ 30 kg yanrìn gbígbẹ sínú àpò, ìwọ̀n tí ìlànà EN 949 ti ilẹ̀ Yúróòpù sọ. Àpò ìrẹsì méjì tí a ki bọ inú ara wọn ti tó, kò sí ìdí láti náwó sórí àpò awọ. Ẹ má lo yanrìn tútù, nítorí pé bí ó bá dì, kò ní rọ̀ bí ara ènìyàn mọ́. Ẹ fi okùn gbé àpò náà kọ́ sórí igi tó lágbára, kí ó fara kan ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́ nígbà tó bá dúró jẹ́ẹ́.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ nìyí: wọ́n á ní kí a gbé àpò sókè ní 60 cm, òṣìṣẹ́ á wá fà á sẹ́yìn ní 60 cm. Ọ̀tọ̀ ni fífà, ọ̀tọ̀ ni gbígbé. Bí okùn bá gùn ní mítà 2, fífà á sẹ́yìn ní 60 cm kò gbé e sókè ju nǹkan bí 9 cm lọ, agbára tó sì fi gbá ilẹ̀kùn kò tó ìdá kan nínú mẹ́fà 177 joule (joule ni òṣùwọ̀n agbára) tó yẹ kí ó jẹ́. Ẹ ní láti fà á sẹ́yìn tó 143 cm kí ó tó lè gòkè ní 60 cm. Èmi kì í fi ojú díwọ̀n rẹ̀ rárá. Rọ́bà omi tí bíríkìlà fi ń wo ìpele ni mo fi ń wọn gíga àpò, nítorí kò wọ́nwó, kì í sì í tanni jẹ.

Kí ẹ tó fi àpò náà sílẹ̀ kí ó lọ gbá ilẹ̀kùn, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà tó gba orí férémù kọjá sórí ògiri. Ẹ jẹ́ kí àpò gbá a lẹ́ẹ̀mẹta láti inú, lẹ́ẹ̀mẹta láti ìta. Bí ìlà náà bá yẹ̀, ilẹ̀kùn ti kùnà, bí pákó tilẹ̀ pé. Ẹ yẹ skúrúù híńjì àti gíláàsì wò pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan wọ inú yàrá, kí ó fi bẹ́ẹ̀dì ti ilẹ̀kùn, kí nọ́ọ̀sì sì gbìyànjú láti ṣí i sí ìta pẹ̀lú irinṣẹ́ tó máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan. Ọwọ́ ilẹ̀kùn àti híńjì kò gbọdọ̀ ní ibi tí aṣọ lè há sí, kí aláìsàn má baà fi pa ara rẹ̀ lára. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní àkókò òjò, nítorí pé pákó tó bá férémù mu dáadáa nígbà ọyẹ́ lè wú nígbà náà, kí ó sì há.